Chennai fún àlejò: bí ẹ ó ṣe balẹ̀, tí ẹ ó débi tí ẹ ń lọ, tí ẹ ó sì máa rìn láìṣìnà

Láàrin òru sí ìdájí ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tó gba Dubai tàbí Doha máa ń balẹ̀ sí Chennai, ìlú ńlá ní gúúsù India tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń lọ gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá jáde ní aago mẹ́ta òru, tí fóònù rẹ̀ kò lè gba kóòdù tí áàpù ń fi ránṣẹ́, tí àdírẹ́sì ọwọ́ rẹ̀ kò ju "Apollo, Chennai" (orúkọ ilé ìwòsàn ńlá kan) lọ, tí gbogbo owó àpò rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, onítakisí tó bá kọ́kọ́ pè é ni yóò tẹ̀ lé, iye tó bá sì dárúkọ ni yóò san. Tílẹ̀ bá mọ́, oníkẹ̀kẹ́ á tún ṣe tirẹ̀. Ohun mẹ́ta ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò ní: nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́, àdírẹ́sì tó pé, àti owó wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlú náà kò le fún un rárá. Nítorí náà, gbogbo ìpele ìsàlẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ.

Ohun tí ẹ máa kó dání

- Páásípọ́ọ̀tù tó ṣì ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó wọ India, pẹ̀lú ojú ewé òfìfo méjì.
- Físà tí ẹ tẹ̀ jáde sórí ìwé. Kí ó wà nínú fóònù nìkan kò tó.
- Káàdì yẹ́lò ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ojúlówó rẹ̀, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀.
- Fọ́tòkọ́pì páásípọ́ọ̀tù àti físà, mẹ́rin-mẹ́rin, àti fọ́tò pélébé mẹ́rin.
- Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ lórí ìwé.
- Káàdì báǹkì méjì láti báǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti dọ́là tó mọ́, tí kò ya, tí wọn kò kọ nǹkan sí lára.
- Orí pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó mẹ́ta tàbí méjì. Ẹlẹ́sẹ̀ onígun mẹ́rin tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà àti Britain kò ní wọ ojú iná ibẹ̀. Agbára iná kan náà ni, 230 volt.
- Páwá báǹkì, nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí ẹ fẹ́ fi sí ikùn ọkọ̀.
- Bàtà tó rọrùn láti bọ́, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti agbòjò tó bá jẹ́ láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá.

Ẹ fún agbòjò yẹn ní àyè gidi nínú báàgì. Ní Chennai, ìparí ọdún ni òjò ńlá máa ń dé, oṣù kọkànlá ló sì máa ń le jù. Àgbàrá ti sé ọ̀nà mọ́ ìlú náà ní oṣù kejìlá 2015, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejìlá 2023 nígbà tí ìjì Michaung jà. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, ooru lè kọjá ìwọ̀n 40. Bí ọjọ́ ìrìnàjò bá wà lọ́wọ́ yín, oṣù kìn-ín-ní àti ìkejì ló dára jù.

Ìpele 1: Ìwé

1. Lọ sórí ojúlé ìjọba India fún físà, indianvisaonline.gov.in. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orílẹ̀-èdè tó fún yín ní páásípọ́ọ̀tù wà lára àwọn tó lè gba físà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ́fíìsì aṣojú India ni ẹ ó gbà. Páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò. Ọmọ Yorùbá tó ní ti Britain àti èyí tó ní ti Nàìjíríà lè má gba ọ̀nà kan náà.

2. Ẹni tó ń lọ gba ìtọ́jú, kó gba físà ìtọ́jú, kó má gba ti ìgbafẹ́. Àwọn tó máa tẹ̀ lé e, físà olùtọ́jú aláìsàn ni tiwọn, ènìyàn méjì ni wọ́n sì gbà pọ̀ mọ́ aláìsàn kan.

3. Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú nìyí. Àwọn kan á gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ mẹ́rin sí ìrìnàjò, wọ́n á ní ṣebí káàdì ti wà lọ́wọ́. Káàdì náà kì í ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ mẹ́wàá fi pé. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà, Benin tàbí Togo dé láìní káàdì tó ti pé ọjọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera India ní àṣẹ láti yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tó lè tó mẹ́fà. Owó ilé ìwòsàn tí wọ́n ti san sílẹ̀ kò ní gbà á kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ náà rí kò nílò òmíràn, ìgbà kan náà ti tó fún gbogbo ayé rẹ̀, bí ó bá ṣáà ti rí káàdì rẹ̀.

4. Kún fọ́ọ̀mù ìwọlé orí íntánẹ́ẹ̀tì láàrin wákàtí 72 kí ẹ tó balẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ojúlé tó bá bèèrè owó lọ́wọ́ yín kì í ṣe ti ìjọba.

5. Bí owó pépà ọwọ́ yín bá ju 5,000 dọ́là lọ, tàbí tí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwé owó arìnrìnàjò bá ju 10,000 lọ, ẹ ó sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà tí ẹ bá dé, ẹ ó sì gba ìwé rẹ̀. Àwọn tó ń gbé owó iṣẹ́ abẹ lọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sórí tábìlì. Ẹ ka orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù, físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti káàdì yẹ́lò, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ọ̀kan bá kọ "Olúwaṣeun" tí èkejì kọ "Seun", ẹ tún un ṣe báyìí.

Ìpele 2: Àdírẹ́sì

Ìpele yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì ń ná wọn lówó jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ibi tí ẹ ń lọ. "Apollo" kì í ṣe àdírẹ́sì. Chennai ni wọ́n ti dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ ní 1983, ẹ̀ka rẹ̀ nínú ìlú náà kò sì mọ ní ọ̀kan. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń lọ wà ní Greams Lane, ní ìdí Greams Road. Òmíràn wà ní Vanagaram, òmíràn wà lójú ọ̀nà OMR (Old Mahabalipuram Road), ti jẹjẹrẹ tó ń lo ìtànṣán proton sì wà ní Taramani. Láti Greams Road dé Vanagaram, ẹ ó la ìlú já. Ẹ wo lẹ́tà tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́, ẹ kọ orúkọ àdúgbò tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì ni nọ́ńbà ilé. Wọ́n ti tún nọ́ńbà àwọn ilé kà ní Chennai, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kò kú. Bí ẹ bá rí "Old No. 12, New No. 27", ilé kan ṣoṣo ni. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ ọ́ ní "27/12", ìgbà mìíràn "12/27", kò sì sí òfin tó sọ èwo ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá mú 12 nìkan lè débi ilé tí nọ́ńbà tuntun rẹ̀ jẹ́ 12, kó máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ẹ gba nọ́ńbà méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, àwọn títì ńlá ní orúkọ méjì. Orúkọ kan wà lójú pátákó, òmíràn ló wà lẹ́nu awakọ̀:

- Anna Salai: Mount Road
- Uthamar Gandhi Salai: Nungambakkam High Road
- Periyar EVR Salai: Poonamallee High Road
- Avvai Shanmugam Salai: Lloyds Road
- Rajiv Gandhi Salai: OMR

Ìlú náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Madras títí di 1996, àwọn àgbà kan ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. "Salai" ni títì, "theru" ni òpópónà kékeré, "nagar" ni àdúgbò.

Ẹ̀kẹrin, "2nd Cross Street" àti "3rd Main Road" wà ní àìmọye àdúgbò. Láìsí orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà PIN ẹlẹ́yọ mẹ́fà (nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ti àdúgbò), kò sí ohun tí wọ́n ń sọ. Greams Road jẹ́ 600006, Mylapore jẹ́ 600004, Egmore jẹ́ 600008, T. Nagar jẹ́ 600017.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó wà lórí ìwé ni: orúkọ ilé, nọ́ńbà méjèèjì, títì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ méjèèjì, àdúgbò, PIN, ohun ńlá kan tó wà nítòsí (tẹ́ńpìlì, ilé epo, ilé ìtajà), àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń retí yín. Ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì kọ ọ́ ránṣẹ́ ní lẹ́tà Tamil pẹ̀lú. Awakọ̀ tí kò lè ka lẹ́tà òyìnbó á kà á wàrà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi àdírẹ́sì náà sínú Google Maps, ẹ wo ohun tó kọjú sí ilé náà. Ẹ wá pe òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ béèrè pé kí ló wà níwájú wọn. Bí ìdáhùn bá bá ohun tí ẹ rí mu, ó ti tán. Bí kò bá bá a mu, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ sì fi àwòrán ìlú náà pa mọ́ sínú fóònù fún ìgbà tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìpele 3: Fóònù àti áàpù, kí ẹ tó gbéra

Airtel wà ní India, àmọ́ síìmù Airtel ti Nàìjíríà kì í di ti India nítorí pé orúkọ jọra. Owó ìlò òkèèrè ni wọn ó máa gbà. Ẹ tan ìlò òkèèrè sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì péré, tàbí kí ẹ ra eSIM arìnrìnàjò, síìmù tí a kì í fi ọwọ́ kì bọ fóònù. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ eSIM bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti dátà nìkan, kò ní nọ́ńbà, kò sì lè gba kóòdù.

Nítorí èyí, láti ilé ni kí ẹ ti wọ inú Uber pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti mọ̀ yín, kì í sábà béèrè kóòdù mọ́ bí ẹ bá dé. Ola àti Rapido, áàpù ọkọ̀ ti India, ní tiwọn fẹ́ nọ́ńbà India, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró de síìmù tuntun.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí Uber ní ilé, ẹ kọ "Chennai Airport" sí ibi ìgbéra àti àdírẹ́sì yín sí ibi ìsọ̀kalẹ̀. Bí ó bá fi ọ̀nà hàn yín, ó ti mọ ibẹ̀.

Ìpele 4: Pápákọ̀ òfurufú

Ní India, ẹni tó bá ti jáde nínú ilé pápákọ̀ kò lè padà wọlé. Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe lábẹ́ òrùlé yẹn, ẹ ṣe é kí ẹ tó ré ẹnu ọ̀nà kọjá.

1. Káàdì yẹ́lò ni wọn ó kọ́kọ́ wò lọ́wọ́ ẹni tó ti Áfíríkà dé. Ẹ mú un jáde kí wọ́n tó béèrè.
2. Ní ìmígíréṣọ̀n, wọn ó gba ìka ọwọ́, wọn ó sì béèrè àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ibi tí ẹ ó sùn. Ìwé ìpele kejì nìyẹn.
3. Ṣẹ́ 30 sí 50 dọ́là péré. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ nínú pápákọ̀ kì í dára, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ de ilé ìpàrọ̀ owó nínú ìlú. Ẹ sọ pé 100 àti 50 rúpì ni ẹ fẹ́. Tí wọ́n bá kó 500 nìkan fún yín, ẹ dá a padà fún wọn. Bébà 2,000 rúpì, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: wọ́n ti ń kó o kúrò nílẹ̀ láti oṣù karùn-ún 2023. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.
4. Ra síìmù bí káńtà bá ṣí. Páásípọ́ọ̀tù, físà àti fọ́tò ni wọ́n ń gbà. Kò ní ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: ó lè gba wákàtí díẹ̀, ó lè di ọjọ́ kejì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ẹni náà yọ síìmù ilé sọnù nítorí pé wọ́n ti ta tuntun fún un. Ẹ jẹ́ kí ti ilé wà nínú fóònù títí tuntun yóò fi gba ìpè. Wáyáléèsì ọ̀fẹ́ pápákọ̀ sábà máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà India kó tó ṣí, ẹ má gbójú lé e.

5. Jíjáde. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Bí ó bá jẹ́ láàrin aago márùn-ún ìdájí sí mọ́kànlá alẹ́, tí ẹrù kò sì pọ̀, Metro, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, wà nínú ọgbà pápákọ̀ gan-an. Kò ju 50 rúpì lọ dé ibikíbi.

Bí ó bá jẹ́ òru, ẹ lọ sí káńtà takisí àsansílẹ̀ tó wà nínú ilé, ẹ san owó níbẹ̀, ẹ gba ìwé. Ó máa ń wọ́n díẹ̀ ju Uber lọ, àmọ́ ní aago mẹ́ta òru pẹ̀lú aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, owó náà tọ́ sí i.

Bí ẹ bá lo Uber tàbí Ola, inú ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà-púpọ̀ ni ọkọ̀ wọn ti ń gbé èrò, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ẹ tẹ̀ lé àmì ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà tó ní òun ni Uber, irọ́ ló ń pa.

Greams Road fi bíi kìlómítà 15 jìnnà sí pápákọ̀: GST Road, Kathipara, Guindy, Saidapet, Mount Road. Ẹ máa fi ojú bá a lọ lórí máàpù.

Ìpele 5: Ibùsùn

Òfin India ní kí onílé tó gba àlejò òkèèrè kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n mọ̀ sí Form C (Form III ni wọ́n sọ ọ́ láti 2025) ránṣẹ́ sí ìjọba láàrin wákàtí 24. Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé àlejò gidi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ má ṣe ìyọnu, pé kò pọn dandan, ń fi físà yín ṣeré. Ẹ bi í kí ẹ tó san owó: ṣé ẹ máa ń kún Form C? Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀.

Àwọn tí físà wọn bá kọ ọ́ sí pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láàrin ọjọ́ 14, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lórí ojúlé e-FRRO, ti ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ àlejò òkèèrè sílẹ̀. Ọ́fíìsì wọn ní Chennai wà ní Shastri Bhavan, Haddows Road. Wọn ó béèrè Form C.

Bí ẹ bá gba yàrá tó ní ilé ìdáná ní àyíká ilé ìwòsàn, ẹ béèrè bóyá omi agolo 20 lítà àti owó iná wà nínú iye tí wọ́n pè. Owó iná ló máa ń yọ bí egungun ẹja lọ́jọ́ ìsanwó, pàápàá bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Ìpele 6: Auto

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni. Wọ́n ń pè é ní "auto", àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò. Iléeṣẹ́ TVS, tí orúkọ rẹ̀ wà lára kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò gbogbo ní Nàìjíríà, Chennai ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n auto tibẹ̀ kì í sábà kó èrò oríṣiríṣi pọ̀ bí ti Èkó: ẹ̀yin nìkan ni yóò gbé, iye owó sì jẹ́ ti gbogbo ìrìn náà, kì í ṣe ti orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ pé gbogbo yín ni iye náà bò.

Mítà wà lára rẹ̀. Ní 2013 ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu fi iye lélẹ̀: 25 rúpì fún kìlómítà 1.8 àkọ́kọ́, 12 rúpì fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, àti ìlọ́po kan àbọ̀ láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí. Epo ti wọ́n láti ìgbà náà, awakọ̀ tó ń tan mítà sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ má bá wọn jà lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ ó fi ṣe òṣùwọ̀n ni iye tí áàpù pè:

1. Ṣí Uber tàbí Rapido, wo iye auto lọ sí ibi tí ẹ ń lọ.
2. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, yan owó ọwọ́ fún ìsanwó. Káàdì òkèèrè kì í ṣeé gbọ́kàn lé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì fẹ́ ẹ.
3. Kí ẹ tó wọlé, wo nọ́ńbà ara ọkọ̀, TN ló ń bẹ̀rẹ̀. Sọ kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́rin tí áàpù fún yín fún awakọ̀.
4. Bí ẹ bá mú ti ojú títì, ẹ ná an kí ẹsẹ̀ tó kan inú rẹ̀. Àfikún 20 sí 30 rúpì lórí iye áàpù kò burú. Bí ó bá pè é ní ìlọ́po méjì, ẹ rìn lọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, á pè yín padà.

Awakọ̀ áàpù á pe fóònù yín, á béèrè méjì: níbo, àti ṣé owó ọwọ́ ni. Bí ó bá ní kí ẹ fagi lé e kí òun gbé yín lọ́wọ́ ọ̀tọ̀, ẹ kọ̀. Tó bá ti di pé ẹ fagi lé e, ẹ̀yin ni áàpù lè bu owó ìtanràn lé.

Ohun tó máa ń ba ìrìn jẹ́ jù ni ṣéńjì. Gbogbo Chennai ń fi fóònù sanwó nípa yíya kóòdù, títí kan ẹni tó ń ta àgbọn lójú títì, nítorí náà kò sí ẹni tó ń kó ṣéńjì dání mọ́. Ohùn kọ̀ńdọ́ Èkó tó ń pariwo "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o" ni kó máa dún létí yín. Lárààárọ̀, kí 10, 20 àti 50 rúpì tó tó 300 wà lápò ọ̀tọ̀. Ilé ìtajà òògùn àti ilé kọfí ni ẹ ti lè fọ́ 500.

Èdè Tamil ni wọ́n ń sọ. Hindi kò jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀, àwọn mìíràn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Òyìnbó tó rọrùn á gbé yín lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ń ṣí ọ̀nà. Bí Yorùbá ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni: "anna" ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "akka" ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, "thambi" ni àbúrò ọkùnrin, ẹnikẹ́ni lójú títì sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "anna", ẹ ó rí i pé ojú awakọ̀ á rọ̀. "Evvalavu?" ni èló ni. "Romba jaasthi" ni ó ti pọ̀ jù. "Vendaam" ni mi ò fẹ́. "Inga niruthunga" ni ẹ dúró síbí. "Nandri" ni ẹ ṣé. Bí ẹ bá béèrè nǹkan tí wọ́n sì mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń kọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún nínú auto, ṣé àmì yín lórí máàpù ń sún mọ́ ibi tí ẹ ń lọ? Bí ó bá ń lọ síbòmíràn, ilé ìtajà aṣọ tí wọ́n á ti fún awakọ̀ ní owó kọmíṣọ́ọ̀nù ló lè máa gbé yín lọ. Ẹ sọ "vendaam" pẹ̀lú ohùn tó le.

Ìpele 7: Metro àti ọkọ̀ ojú irin

Metro rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìlà búlúù ti pápákọ̀ wá, ó gba Alandur, Guindy, Saidapet, Thousand Lights, ó dé Central, ó sì ré e kọjá lọ sí àríwá. Ìlà àwọ̀ ewé ti St. Thomas Mount gba Alandur, Vadapalani, Koyambedu, Egmore, òun náà sì parí sí Central. Alandur àti Central ni ẹ ti lè pààrọ̀ ìlà. Fún Greams Road, ẹ sọ̀ ní Thousand Lights. Owó jẹ́ 10 sí 50 rúpì. Wọn ó yẹ báàgì wò ní ẹnu ọ̀nà, ẹ ó fi kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì kan ẹ̀rọ nígbà ìwọlé àti nígbà ìjáde, ẹ má jù ú nù láàrin méjì.

Fún ìlú mìíràn, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá méjì ló wà. Èyí ló ń mú kí ọkọ̀ fi ènìyàn sílẹ̀. Chennai Central ni ti Bengaluru, Mumbai àti Delhi, Egmore ni púpọ̀ nínú ti gúúsù, bíi Madurai àti Tiruchirappalli. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn sí gúúsù ti kúrò ní Koyambedu lọ sí Kilambakkam, lójú ọ̀nà Vandalur, láti ìparí 2023. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ Kilambakkam, ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ láti àárín ìlú.

Ìpele 8: Oúnjẹ àti omi

Àkókò ni kókó. Ìdlì, dósà (pańkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ìrẹsì) àti vada jẹ́ ti àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán, láti bíi aago méjìlá sí mẹ́ta, "meals" ni: ìrẹsì lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọbẹ̀ oríṣiríṣi, wọ́n á sì máa bù ú kún un títí ẹ ó fi ní ó tó. Ẹni tó bá béèrè dósà ní aago kan ọ̀sán lè gbọ́ pé kò sí, kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ tà fún un.

Vada jẹ́ ẹ̀gbọ́n àkàrà: ẹ̀wà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní urad ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì dín. Ìdlì jẹ́ ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà kan náà, wọ́n á jẹ́ kó kan dọjọ́ kejì, wọ́n á sì fi ooru omi sè é. Kò ní ata, kò ní òróró, òun ni mo fẹ́ràn jù fún ikùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tàbí ara tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ abẹ. Bí ata bá pọ̀, "kaaram kammi" ni ẹ ó sọ. Ìrẹsì oníwàrà kíkan, "thayir saadam", á pa iná rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, ẹ ti mọ ìyẹn láti ilé. Lára ohun inú páálí, àmì róbótó àwọ̀ ewé ni kò léran, àmì onígun mẹ́ta àwọ̀ ilẹ̀ tàbí pupa ni ó léran.

Omi: inú ike tí ọ̀rá ẹnu rẹ̀ kò tíì já. Lítà kan máa ń jẹ́ nǹkan bíi 20 rúpì, iye rẹ̀ wà lára ike, kò sì sí ilé ìtajà tó ní ẹ̀tọ́ láti tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀rá ẹnu ike bá ti tú, ẹ dá a padà. Ẹ̀fọn ibẹ̀ ń gbé ibà dengue, èyí tó ń gbé e sì ń jẹ ènìyàn ní ojúmọmọ.

Ìpele 9: Ọjọ́ ìgbafẹ́

Ẹ gbé e ka aago, torí ibi tí ẹ ń lọ lè ti pa. Tẹ́ńpìlì Kapaleeshwarar ní Mylapore máa ń tì ní ọ̀sán, ó sì máa ń ṣí padà ní bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Hindu lè wọ àgbàlá, kò lè wọ yàrá inú lọ́hùn-ún. Bàtà á dúró síta, ilẹ̀ òkúta náà sì ń jó ẹsẹ̀ bí oòrùn bá mú, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀. Láti ibẹ̀, ìrìn ẹsẹ̀ lè gbé yín dé San Thome, ìjọ Kátólíìkì tí àṣà sọ pé ibojì àpọ́sítélì Tómásì wà. Mùsíọ́mù ìjọba ní Egmore, níbi tí àwọn ère bàbà gúúsù India wà, kì í ṣí ní ọjọ́ Ẹtì.

Etíkun Marina: ẹ rìn, ẹ jẹ àgbàdo sísun, ẹ má wẹ̀. Omi abẹ́ ń fà níbẹ̀, ó sì ń gbé ẹni tó mọ omi lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Mahabalipuram, ìlú àwọn tẹ́ńpìlì òkúta àtijọ́, fi bíi kìlómítà 55 sí 60 jìnnà sí gúúsù, lójú ọ̀nà ECR (East Coast Road). Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì 600 rúpì ni ti àlejò òkèèrè, ọ̀kan náà ló sì kájú Tẹ́ńpìlì Etíkun àti Ratha Márùn-ún (àwọn ilé òkúta gbígbẹ́) ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ ọ́ nù lẹ́yìn ibi àkọ́kọ́, wọ́n á sì tún ra òmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ yà ní DakshinaChitra, mùsíọ́mù àṣà gúúsù India, lójú ọ̀nà, ẹ má mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kì í ṣí.

Fún aṣọ, T. Nagar ni. Àwọn ilé ìtajà ńlá ní iye owó lára aṣọ, wọn kì í ná an. Ti ẹ̀bá ọ̀nà ni ẹ lè ná. Àwọn tó fẹ́ràn aṣọ George tí wọ́n ń ró ní Nàìjíríà, ìlú rẹ̀ ni ẹ wà yìí. Àwọn tó mọ ìtàn aṣọ máa ń so orúkọ náà mọ́ Fort St. George, ilé odi àwọn òyìnbó tó ṣì dúró létí òkun Chennai.

Ìpele 10: Ìpadàbọ̀

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ á béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àti páásípọ́ọ̀tù kí ó tó jẹ́ kí ẹ wọlé, ẹni tó ń sìn yín kò sì ní wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì orí ìwé tí ẹ kó dání láti ilé ni ẹ ó mú jáde. Bí aláìsàn bá nílò kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ má dúró de ẹnu ọ̀nà.

Rúpì tó kù, ẹ ṣẹ́ ẹ padà pẹ̀lú rìsíìtì àkọ́kọ́ kí ẹ tó kọjá síbi àyẹ̀wò ara. Ẹ mú 200 sílẹ̀ fún omi àti kọfí, torí bí ọkọ̀ bá pẹ́, ìjókòó yẹn máa ń gùn.